Alágbára Kan Ṣoṣo Láàárín Ayé: Ire Ni Tàbí Ibi?

(Àpẹẹrẹ àròkọ aláríyànjiyàn. Kíyè sí i pé òǹkọ̀wé mú ìhà kan, ó sì gbọ́ tẹnu àwọn tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ kí ó tó dá wọn lóhùn.)

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbára òjò kò ní òun kò níí wó ilé, onílé ni kò níí gbà fún un. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka orí-ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí a ń bi wá ni pé, bí orílẹ̀-èdè kan bá lágbára ju gbogbo àwọn yòókù lọ, tí kò sí ẹni tí ó lè kò ó lójú, ṣé ire ni ó jẹ́ fún ayé, àbí ibi? Àwọn kan ní ire ni, nítorí pé ìlú tí kò bá ní àgbà ni í bàjẹ́. Àwọn mìíràn ní ibi ni, nítorí pé ẹni tí kò bá rí ẹni bẹ̀rù ni í hùwà bí ó ti wù ú. Ní tèmi o, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ire wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi inú rẹ̀ ju ire náà lọ. N kò níí lọ jìnnà kí n tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí hàn yín. Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ò ń ka ìwé yìí, bí o bá ti sùn nínú ọgbà ilé-ìwé rí, ọ̀rọ̀ náà kò níí ṣòro fún ọ láti lóye. Ká ní àwọn kan ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ. Sínìọ̀ kan tí ó sígbọnlẹ̀ dìde, ó lé wọn, ó ní ẹni tí ó bá tún fọwọ́ kàn ọ́, òun ni ó fọwọ́ kàn. O dúpẹ́, ó sì yẹ kí o dúpẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwọ ni ò ń pọn omi ìwẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwọ ni ò ń fọ aṣọ rẹ̀. Nígbà tí sáà yóò fi parí, ìdajì gaàrí rẹ ti di tirẹ̀. Bí o bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, ọ̀dọ̀ ta ni o ó gbà lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé gbogbo ilé ni ó ń bẹ̀rù rẹ̀? Sínìọ̀ yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú ní ọjọ́ tí ó gbà ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé kò sí ẹni tí ó lè wí fún un pé, “Ó tó gẹ́ẹ́.”

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún gan-an nìyí. Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó ti jẹ́ alágbára láàárín àwọn Yorùbá fún ọjọ́ pípẹ́, tú ní nǹkan bí ọdún 1836. Lẹ́yìn èyí, ayé di rúdurùdu. Ìlú ń fọ́, ènìyàn ń sá kiri, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà gúúsù. Ní nǹkan bí ọdún 1840, wọ́n dó ti Òṣogbo. Òṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún ìrànlọ́wọ́. Ìbàdàn gbọ́, ó rán ogun wá, Balógun Ọdẹ́rìnlọ sì ni ó ṣe olórí wọn. Wọ́n ṣẹ́gun Ìlọrin pátápátá. Láti ọjọ́ náà ni a ti dá ogun Ìlọrin dúró ní apá ibẹ̀, tí àwọn tí ogun ti lé kúrò nílé sì ń rí Òṣogbo sá sí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé alágbára kò wúlò rárá, kí ó wá bi ìtàn Òṣogbo léèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn náà dé ìparí. Lẹ́yìn ogun Òṣogbo, ìlú méjì ni ó ń figagbága láàárín àwọn tí ó jáde láti inú ìtúká Ọ̀yọ́: Ìbàdàn, àti Ìjàyè tí Kúrunmí jẹ́ olórí rẹ̀. Ìkíní ń wo ojú èkejì kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn ní ọdún 1860; ní ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Láti ìgbà náà lọ, kò tún sí ìlú kan tí Ìbàdàn ní láti wo ojú rẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn. Kò sì pẹ́ tí èso èyí fi hàn. Ìbàdàn dó ti Iléṣà títí ebi fi han àwọn ará ìlú léèmọ̀, ó sì kó Iléṣà ní ọdún 1870. Ọdún ọgbọ̀n péré ni ó wà láàárín ọjọ́ tí Ìbàdàn gba Òṣogbo sílẹ̀ àti ọjọ́ tí ó kó Iléṣà. Ìlú kan náà ni, idà kan náà ni. Kò jìnnà láti Òṣogbo sí Iléṣà, ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ìdáǹdè fún ọ̀kan ni ó di àjàgà fún èkejì.

Àjàgà náà ní orúkọ: ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ajẹ́lẹ̀ ni aṣojú tí Ìbàdàn fi sí àwọn ìlú tí ó ṣẹ́gun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Àkókó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gba ìṣákọ́lẹ̀, kí ó sì máa ṣọ́ ìlú. Ìlú ni ó ń bọ́ ọ, òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn yìí ni ó burú jù, nítorí wọn a máa wọ oko olóko, wọn a sì máa mú ẹran ọ̀sìn ẹlẹ́ran. Bí ọba bá fẹ́ fẹjọ́ ajẹ́lẹ̀ sùn, Ìbàdàn náà ni yóò ránṣẹ́ sí, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rán ajẹ́lẹ̀ wá. Àwọn àgbà sì ní àgbà òṣìkà ni í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ẹ wá wo ẹjọ́ tí olùfisùn kò ní adájọ́ mìíràn ju ẹni tí ó ń fi sùn lọ! Ibi tí oró wà gan-an nìyẹn, ju iye iṣu tí wọ́n kó lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bú àwọn ará Ìbàdàn. Àwọn ará Ìbàdàn fúnra wọn jẹ nínú ìyà náà. Ní ọdún 1874, nígbà ayé Ààrẹ Látòósà, a yọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà kúrò lóyè Ìyálóde, a sì pa á ní ọdún kan náà. Obìnrin tí ó lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ní oyè láàárín ìlú, kò rí ẹni gbà á sílẹ̀. Agbára tí kò ní ìjánu níta, kì í ní ìjánu nínú ilé. Ní ọdún 1877, Ìbàdàn wọ ìjà pẹ̀lú Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, àwọn tí ọ̀nà etíkun wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1878, Fábùnmi àti àwọn ará Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí ajẹ́lẹ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n pa á. Àwọn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìgbómìnà àti Àkókó wá da ọwọ́ pọ̀, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ni wọ́n fi ṣe olórí ogun wọn; ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn gan-an ni ó sì ti kọ́ púpọ̀ nínú ọgbọ́n ogun tí ó fi bá wọn jà. Àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí ìbọn ìgbàlódé rà. Èyí ni ogun tí a ń pè ní Kírìjí, nítorí dídún àwọn ìbọn ńlá. Àárín òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí ni wọ́n dojú kọ ara wọn sí. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun ní ọdún 1885 láì tíì rí òpin rẹ̀.

Ní báyìí, mo gbọ́ ohùn ẹni tí kò gbà pẹ̀lú mi. Yóò ní, “Ta ni ó wá parí ogun náà? Ṣé kì í ṣe alágbára mìíràn ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì?” Òótọ́ ni. Àwọn aṣojú Gómìnà Èkó ni ó ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì, àwọn àlùfáà Yorùbá méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1886, a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ní ọdún 1893, nígbà Gómìnà Carter, àwọn ibùdó ogun tú nígbẹ̀yìn. Ọ̀nà là, ọjà ṣí. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Kòkó àti ẹ̀kùrọ́ ń lọ, aṣọ ń bọ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí baba wọn ti gbé ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú. Àwọn ni a wá mọ̀ sí òṣómàáló. N kò jẹ́ sẹ́ ire yìí. Ẹni tí kò bá mọ iyì àlàáfíà, kò tíì rí ogun ni.

Ṣùgbọ́n kí ni owó rẹ̀? Ẹni tí a pè wá làjà ní ọdún 1886, nígbà tí yóò fi di ọdún 1894, ó ti di onílé. Ní ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ní ọdún 1894, Ọ̀gágun Bower mú Ògèdèǹgbé, ó sì mú un kúrò ní ìlú rẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń dààmú ará àdúgbò. Ó lè jẹ́ òótọ́. N kò ní kí a bò ó mọ́lẹ̀, nítorí pé ẹni tí a ni lára lónìí lè ni ẹlòmíràn lára lọ́la. Síbẹ̀, kí ni ọba Iléṣà, Ọwá Obòkun, lè ṣe sí i? Ọ̀dọ̀ ta ni ó lè fẹjọ́ Bower sùn? Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn lọ, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé. Títí di ọdún 1960 tí a gba òmìnira, òfin tí ó borí gbogbo òfin ní Òṣogbo àti Iléṣà, ìlú London ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Ẹ ò rí i pé ìwà Ìbàdàn ni ó bí ogun, ogun ni ó sì ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ó jẹ gàba lé Ìbàdàn àti Ìjẹ̀ṣà lórí pọ̀.

Bí ó ti rí ní ilé, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní òde. Láti ọdún 1945 títí di ọdún 1991, alágbára méjì ni ó ń figagbága láyé, Amẹ́ríkà àti Ìjọba Soviet, bí Ìbàdàn àti Ìjàyè ti ń figagbága. N kò níí purọ́ pé ìgbà náà dára. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ni ó ń fara gbá a. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Àǹgólà ní ọdún 1975, tí àwọn méjèèjì ń fi ohun ìjà ràn, pẹ́ títí di ọdún 2002. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, a sì fi Òṣogbo ṣe olú-ìlú rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Ìjọba Soviet tú. Ọmọ tí a bí ní Òṣogbo ní ọdún tí a bí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, inú ayé alágbára kan ṣoṣo ni ó dàgbà sí. Ṣáínà ti dìde gan-an láti ìgbà náà, àwọn kan sì ń sọ pé òun ni yóò di alágbára kejì. Ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ wa kò yí padà nítorí èyí, ẹni yòówù kí ó wà lókè.

Amẹ́ríkà náà ní ogun Òṣogbo tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, Ìráàkì gba ilẹ̀ Kuwait, orílẹ̀-èdè kékeré tí kò lè gba ara rẹ̀. Amẹ́ríkà kó ogun ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sòdí, pẹ̀lú àṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n sì lé Ìráàkì jáde ní oṣù kejì ọdún 1991. Ó ṣe ohun rere, ayé sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní Iléṣà tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2003, Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ Ìráàkì, láìjẹ́ pé Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún wọn láṣẹ sí ogun náà. Wọ́n ní ohun ìjà olóró wà níbẹ̀. A wá a títí, a kò rí irú èyí tí wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí ṣòfò. Ìgbìmọ̀ wo ni ó dá ẹjọ́ náà? Kò sí. Ọdún 1991 sí 2003, ọdún méjìlá péré!

Ẹlòmíràn yóò ní kí a fi ti ogun sílẹ̀, kí a wo ìrànlọ́wọ́. Mo gbà. Ní ọdún 2003 yẹn kan náà, Ààrẹ George W. Bush dá ètò ńlá kan sílẹ̀ láti gbógun ti àrùn éèdì, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó jàǹfààní rẹ̀. Àìmọye ènìyàn ni ó wà láàyè nítorí oògùn náà. Mo kí wọn, kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20, oṣù kìíní, ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ pé kí a dá ìrànlọ́wọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. Nígbà tí ó fi di oṣù keje ọdún náà, USAID, ilé-iṣẹ́ tí ó ń pín púpọ̀ nínú ìrànlọ́wọ́ náà, ti kógbá sílé. A kò pe aláìsàn kankan ní ilẹ̀ wa láti bi í léèrè. Owó wọn ni, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. N kò bá wọn jà. Ohun tí mo ń wí ni pé ohun tí àánú ẹnìkan ṣoṣo gbé dúró, ìbínú ẹni náà lè wó o lóòjọ́. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ẹni tí ó ju ni lọ lè ju ni nù.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ owó. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ta epo rọ̀bì wa, òun náà sì ni a fi ń ra púpọ̀ nínú ohun tí a ń kó wọlé. Ní ọdún 2022, nígbà tí ọjà wọ́n ní Amẹ́ríkà, ilé ìfowópamọ́ àgbà ibẹ̀ gbé èlé owó sókè láti fi tún ilé ara wọn ṣe. Ó tọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n gbèsè tí àwọn orílẹ̀-èdè tálákà jẹ ní dọ́là túbọ̀ wúwo lọ́rùn wọn. Ìyá tí ó ń ta ọjà ní Òṣogbo kì í dìbò ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n bá pinnu níbẹ̀ lè dé orí àtẹ rẹ̀. Kò sí ajẹ́lẹ̀ kankan tí ó wọ oko rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti mú nínú iṣu rẹ̀.

Bóyá ìwọ òǹkàwé yóò wá bi mí pé, “Kí ni kí a ṣe? Ṣé kí ayé wà láìní alágbára?” Rárá o. Ìtúká Ọ̀yọ́-Ilé ti kọ́ wa pé èyí kò dára. Alágbára yóò máa wà, nítorí pé ìka kò dọ́gba. Ohun tí a ń wá ni òfin tí alágbára àti aláìlágbára jọ wà lábẹ́ rẹ̀. Àdéhùn ọdún 1886 gbìyànjú èyí. Ó ní kí àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ wà lómìnira. Ó ní kí Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbájọ wà lọ́dọ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò bá fẹ́ níbẹ̀ lè kó jáde. Ìbàdàn fọwọ́ sí i, Ìjẹ̀ṣà fọwọ́ sí i. Irú òfin báyìí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹ́ jẹ́ láti ọdún 1945. Àléébù rẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè márùn-ún, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó jókòó títí láé nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò, tí ọ̀kan nínú wọn sì lè fi ohùn kan ṣoṣo pa ìpinnu gbogbo àwọn yòókù. Kò sí ilẹ̀ Áfíríkà kankan nínú wọn. Àléébù yìí ni ó yẹ kí a tún ṣe. Ó sì yẹ kí àwa náà ṣe oògùn tiwa, kí a bá ara wa rajà, kí a má sì lọ bá alágbára lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Iléṣà nìkan kò lè dá Ìbàdàn dúró ní ọdún 1870. Èkìtìparapọ̀ ni ó dá a dúró.

Ní ìparí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a rántí pé a kì í ṣe aláìlágbára níbi gbogbo. Nàìjíríà lágbára ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ìwọ náà, sínìọ̀ ni o jẹ́ fún àwọn kan ní ilé-ìwé rẹ, ẹ̀gbọ́n ni o sì jẹ́ fún àwọn kan nílé. Bí o bá gba kékeré sílẹ̀, o ṣeun. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ìyẹn gba gaàrí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé agbára tí ó wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, tí kò sí ẹni tí ó lè bi í léèrè, ibi rẹ̀ ju ire rẹ̀ lọ. Òjò kò níí ṣàì rọ̀. Kí onílé gbẹ́ ojú àgbàrá, kí ó sì mọ ilé rẹ̀ kí ó le.